Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíákíá: oògùn wo ni kí n rà fún ìyá mi tí inú ń ta?

Ọmọ Mọ́gàjí
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìyá mi kò rí oorun sùn láti ìjẹta. Wọ́n ní inú ń ta wọ́n, ìrora náà sì ń wọ̀ wọ́n lọ sí ẹ̀yìn. Àwọn ará ilé ní ọgbẹ́ inú ni. Ẹ jọ̀wọ́, oògùn wo ni mo lè rà kí àwọn ilé oògùn tó ti ìlẹ̀kùn lálẹ́ òní?

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Lọ sí ilé oògùn tí ó wà lókè títì, níwájú ilé epo. Má lọ sí ti ìsàlẹ̀ o, nítorí ẹni tí ń tajà níbẹ̀ kì í bi ènìyàn léèrè ohunkóhun kí ó tó gé oògùn fún un. Omeprazole onímílígíráàmù 20 ni kí o béèrè. Ẹyọ kan ni kí Màmá gbé mì láàárọ̀, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 kí wọ́n tó jẹun, torí pé oúnjẹ ni ó máa ń jí àwọn ojú kéékèèké tí ásíìdì ń gbà jáde nínú àpòlúkù, oògùn náà sì gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ dè wọ́n kí wọ́n tó jí.

Bàbá Àrẹ̀mú
Ranitidine ni àwa ń lò, ó sì ń bá wa ṣiṣẹ́. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ rẹ̀?

Apòògùn Àgbà
Bàbá, ní oṣù kẹrin ọdún 2020, àjọ FDA tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà ní kí àwọn tí ń ṣe ranitidine kó o kúrò lọ́jà, nítorí èròjà kan tí a ń pè ní NDMA, tí wọ́n fura sí pé ó lè fa jẹjẹrẹ, a máa pọ̀ sí i nínú rẹ̀ bí ó bá ti pẹ́ nílẹ̀ tàbí bí ooru bá mú un. Ẹ sì mọ bí ooru ṣe ń mú nínú ṣọ́ọ̀bù wa. Famotidine ni ẹbí rẹ̀ tí wọn kò bá NDMA nínú rẹ̀.
Ọmọ Mọ́gàjí, ọmọ ọdún mélòó ni Màmá? Oògùn wo ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀? Àwọ̀ wo sì ni ìgbẹ́ wọn?

Àdùkẹ́ Ọlọ́jà
Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Inú mọ́tò ni mo ti ra agbo kan tí ẹni tí ń tà á ní ó ń wo ọgbẹ́ inú, jẹ̀díjẹ̀dí àti ẹ̀yìn ríro pọ̀. Mo mu ún fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ara sì tù mí, àfi bí orí ṣe ń fọ́ mi tí mo sì ń po ẹ̀bu oògùn orí fífọ́ mu lé e. Ní ìdájí ọjọ́ kan, mo ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbẹ́. Ìgbẹ́ mi dúdú bí ọ̀dà, ó sì ń rùn. Páìǹtì ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fà sí mi lára. Nígbà tí dókítà bi mí pé kí ni wọ́n pò sínú agbo náà, n kò lè dáhùn.

Ọmọ Alágbo
Ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tí ń tajà nínú mọ́tò lé gbogbo wa lórí. Ẹ̀yin fúnra yín sọ pé ẹ po ẹ̀bu mu lé e, a kò sì mọ èyí tí ó ṣiṣẹ́ ibi nínú méjèèjì. Ìyá ìyá mi kò fi ohun mìíràn tọ́jú ọgbẹ́ inú ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ àìpọ́n tí wọ́n sá gbẹ tí wọ́n sì lọ̀ kúnná.

Àdùkẹ́ Ọlọ́jà
Èmi kò bú agbo. Ìgò tí kò ní orúkọ, tí kò sì ní nọ́ńbà NAFDAC, ni mo ń sọ.

Ọmọ Alágbo
Ṣé ayédèrú kò sí nínú èyí tí ó ní nọ́ńbà ni?

Ìdòwú Ará Lọ́ńdọ̀nù
Ata kọ́ ló ń fa ọgbẹ́ inú, ìrònú kọ́. Àwọn dókítà méjì ní Ọsirélíà, Barry Marshall àti Robin Warren, ni wọ́n fi hàn pé kòkòrò Helicobacter pylori ló wà nídìí púpọ̀ nínú ọgbẹ́ inú. Marshall tilẹ̀ gbé kòkòrò náà mu fúnra rẹ̀ ní 1984, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005.

Bàbá Àrẹ̀mú
Ẹni tí inú ń ta ìyá rẹ̀ kò béèrè ìtàn Ọsirélíà lọ́wọ́ wa.

Ìyá Dúró
Ẹ jọ̀wọ́, ọmọ mi olóṣù mẹ́rin máa ń pọ ọmú jáde lẹ́yìn tí ó bá mu ún tán. Ṣé mo lè fún un ní omeprazole yìí díẹ̀?

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá
Rárá o! Gbé e lọ́wọ́ sókè kí ó gùnfẹ̀, kí o sì fi han nọ́ọ̀sì ọjọ́ àbẹ́rẹ́ àjẹsára.

Ọmọ Mọ́gàjí
Ẹ má bínú, mo wà lọ́nà. Ẹni ọdún 67 ni wọ́n. Diclofenac, oògùn ìrora, nìkan ni wọ́n ń lò fún orúnkún, láti ìgbà òjò. Ojú ń tì mí láti bi wọ́n nípa ìgbẹ́.

Apòògùn Àgbà
Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Diclofenac, bíi ibuprofen àti aspirin, a máa dí èròjà tí ó ń dáàbò bo ògiri àpòlúkù lọ́wọ́, ewu rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i fún ẹni tí ó ti lé ní ọdún 65. Kí wọ́n dá a dúró lónìí, kí wọ́n sì lo paracetamol fún orúnkún. Bí a bá sì máa yẹ kòkòrò wò, ẹ rántí pé ẹni tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ omeprazole gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí èsì rẹ̀ má baà ṣì wá lọ́nà. Tí kòkòrò bá wà níbẹ̀, omeprazole nìkan kò lè lé e lọ. Àfi kí oògùn méjì mìíràn tí ń pa kòkòrò bá a rìn, bíi amoxicillin àti clarithromycin, fún ọjọ́ 14, bí dókítà bá ti kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n nípa ìgbẹ́ ná.

Ọmọ Mọ́gàjí
Ẹ ṣeun púpọ̀. Àǹtí ìyàwó mi ní Mist Mag ni kí n rà, òun náà ni mo sì rà. Wọ́n ti lo ṣíbí méjì, ara sì ti rọ̀ wọ́n díẹ̀. Diclofenac ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí wọn, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. A ó lọ ṣe àyẹ̀wò lẹ́yìn ìkómọjáde ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Apòògùn Àgbà
Mist Mag kàn ń pa oró ásíìdì tí ó ti jáde ni. Ìgbẹ́ ńkọ́?

Ọmọ Mọ́gàjí
Mo ti bi wọ́n. Wọ́n ní ó dúdú láti àná, ṣùgbọ́n pé ẹ̀fọ́ ni àwọn jẹ.

Àdùkẹ́ Ọlọ́jà
Ṣé ó ń lẹ̀ bí ọ̀dà? Ṣé òórùn rẹ̀ yàtọ̀?

Ọmọ Mọ́gàjí
Bẹ́ẹ̀ ni.

Apòògùn Àgbà
Kì í ṣe ẹ̀fọ́, ó jọ pé ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú wọn. Ẹ gbé wọn lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn, nísinsìnyí, ẹ má fún wọn ní oúnjẹ tàbí oògùn kankan mọ́, kí ẹ sì mú páálí diclofenac náà dání.

Ọmọ Mọ́gàjí
A ti ń wá mọ́tò.