Ìdíje ọlọ́jọ́ márùn-ún nínú igbó: kí la ó kọ́kọ́ múra sí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́rin, obìnrin kan nínú wa, ń lọ fún Expedition Africa, ìdíje tí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin ti ń fẹsẹ̀ rìn, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́, tí wọ́n sì ń wa ọkọ̀ ojú omi tọ̀sán-tòru. Kí ló máa ń dá ẹgbẹ́ dúró jù?

Èsì: Ẹsẹ̀ ni! Bí ìbọ̀sẹ̀ bá tutù pẹ́, àtẹ́lẹsẹ̀ á funfun, á hunjọ, á bó. Ní gbogbo ibi tẹ́ ẹ bá ti dúró, ẹ nu àárín ọmọ ìka gbẹ, ẹ fi fasilíìnì pa á, ẹ pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀.

Èsì: Máàpù àti kọ́ńpáàsì lẹ ó lò, wọn kì í gba GPS, ẹ̀rọ tó ń júwe ọ̀nà, láyè. Kí èèyàn méjì mọ̀ ọ́n kà, torí oorun á kun ẹnì kan.

Èsì: Ẹ so okùn rọ́bà mọ́ àpò ẹni tó lágbára jù, kó fi fa ẹni tó ń rẹ̀. Ẹ tètè fà á o, kó tó rẹ̀ ẹ́ tán.