Kúkà tòkunbọ̀: gáàsì ń rùn lẹ́nu sílíńdà, iná ń pọ́n, ọ́fìnnì ò dúró

Abíọ́lá_Bódìjà béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Kúkà tòkunbọ̀ ni mo rà, ẹnu iná mẹ́rin pẹ̀lú ọ́fìnnì lábẹ́. Sílíńdà kílò 12.5 ni mo so mọ́ ọn, rẹ́gúlétọ̀ tuntun, họ́ọ̀sì tó gùn tó mítà 2. Nǹkan mẹ́ta ló ń ṣe é. Bí mo bá ṣí sílíńdà, òórùn gáàsì ń jáde níbi tí rẹ́gúlétọ̀ ti wọ ẹnu sílíńdà. Mo ti fi sípánà fún un le, kò yéé rùn. Iná orí rẹ̀ ga, ó ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ìdí ìkòkò sì ti dúdú. Ọ́fìnnì ń tàn, ṣùgbọ́n bí mo bá ti fi nọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó kú. Ẹ̀yìn fìríìjì ni sílíńdà wà. Ṣé kí n fi téèpù funfun tí àwọn púlọ́ńbà ń lò wé ẹnu rẹ́gúlétọ̀ ni?

Oní_Sípánà:

Ẹ ti sílíńdà pa ná kí a tó sọ̀rọ̀ iná. Iná tó ń pọ́n á ba ìkòkò jẹ́, ṣùgbọ́n gáàsì tó ń jò lè gba ilé àti ẹni tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ gbé sílíńdà kúrò lẹ́yìn fìríìjì lónìí yìí. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń wọ́ lọ, ẹsẹ̀ fìríìjì, abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù àti inú gọ́tà ló ń lúgọ sí. Fìríìjì sì máa ń ṣáná díẹ̀ nínú nígbà tí mọ́tò rẹ̀ bá fẹ́ gbéra. Bí gáàsì bá ti tó ìdá 2 nínú 100 afẹ́fẹ́ ibẹ̀, ó ti lè gbiná. Ìta ló dára jù, kí páìpù gba ara ògiri wọlé. Bí kò bá sí ọ̀nà, ẹ gbé e síbi tí ihò afẹ́fẹ́ wà nísàlẹ̀ ògiri, kó dúró lóòró, ẹ má fi dùbúlẹ̀ láéláé.

Téèpù kọ́ o. Ibẹ̀ yẹn, wọ́ṣà rọ́bà ló ń dí gáàsì, nọ́ọ̀tì rẹ́gúlétọ̀ kàn ń fa wọ́ṣà náà mọ́ ẹnu ni. Téèpù á jẹ́ kó le lọ́wọ́ yín, ẹ ó rò pé ó ti dè, wọ́ṣà ò sì ní jókòó dáadáa. Ó ṣeé ṣe kí sípánà yẹn gan-an ti gé e. Ẹ tú rẹ́gúlétọ̀, ẹ wo wọ́ṣà: bó bá ti là, bó ti tẹ́ pẹlẹbẹ, tàbí bí èékánná ò bá lè tẹ̀ ẹ́ wọlé, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ fi rọ́pò: gáàsì á jẹ́ kó wú, lẹ́yìn náà á là. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ẹnu sílíńdà, nítorí iyanrìn bíńtín ti tó láti jẹ́ kó jò. Bí rẹ́gúlétọ̀ yín bá ní ọwọ́ tí a fi ń yí i, ọwọ́ nìkan ni kí ẹ fi dè é.

Họ́ọ̀sì mítà 2 ti gùn jù. Mítà 1.5 ni kó má ṣe ju lọ, kó sì jẹ́ họ́ọ̀sì gáàsì tí wọ́n tẹ déètì sí lára, kì í ṣe ti omi. Kó wọ imú kúkà àti imú rẹ́gúlétọ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, kílíìpù kan ní ìhín, kan ní ọ̀hún. Bó bá ń ṣagídí, ẹ ti ẹnu rẹ̀ bọ omi gbígbóná, ẹ má fi òróró pa á. Kó má sì gba ẹ̀yìn ọ́fìnnì kọjá, ooru ibẹ̀ á yan án.

Alákúkà_Agége:

Ọ̀gá Oní_Sípánà ti sọ ti jíjò. Ní ti iná tó ń pọ́n, níwọ̀n bó ti jẹ́ tòkunbọ̀, nọ́sù, idẹ kékeré tí gáàsì ń gba ihò rẹ̀ jáde, ni mo fura sí. Ní ìlú òyìnbó, gáàsì inú páìpù ni ọ̀pọ̀ kúkà ń lò, ihò nọ́sù rẹ̀ sì fẹ̀ ju ti gáàsì sílíńdà. Ẹ wo lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn kúkà tàbí inú ilẹ̀kùn ọ́fìnnì, kí lẹ rí níbẹ̀? Ẹ ṣí ẹnu iná kan, ẹ ka nọ́ńbà tó wà lórí idẹ kékeré inú rẹ̀.

Abíọ́lá_Bódìjà:

Ẹ ṣeun gan-an ni, sà. G20 20 mbar ló wà lára rẹ̀. Nọ́ńbà tí mo rí: 72 lórí èyí tó kéré jù, 97 lórí méjì àárín, 115 lórí èyí tó tóbi jù.

Alákúkà_Agége:

Òun náà nìyẹn. G20 ni gáàsì inú páìpù. Tiwa, gáàsì sílíńdà, ni G30; 28-30 mbar ni kí kúkà wà fún (mbar ni ìwọ̀n agbára tí gáàsì fi ń tì jáde). Nọ́ńbà yẹn ni fífẹ̀ ihò rẹ̀: 72 jẹ́ mílímítà 0.72. Fún gáàsì sílíńdà, ọ̀pọ̀ kúkà oní-ẹnu-mẹ́rin máa ń lo nǹkan bíi 50, 65, 65 àti 85. Gáàsì tó ń gba ihò yín jáde ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ tó ń bá a pò lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń pọ́n tó sì ń yọ èéfín dúdú. Irú iná bẹ́ẹ̀ a tún máa yọ carbon monoxide, tí kò lóòórùn, tó sì ń pani, nítorí náà ẹ má fi dáná títí ẹ ó fi pààrọ̀ wọn.

Ẹ mú orúkọ àti nọ́ńbà mọ́dẹ́ẹ̀lì kúkà lọ ra nọ́sù rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òjé dí ti àtijọ́ kó tún un lu. Sípánà sọ́kẹ́ẹ̀tì 7 mm ló sábà máa ń tú u. Ọ́fìnnì náà ní tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fa nọ́ọ̀bù yọ, ẹ ó rí síkúrù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá rẹ̀: ẹ yí i wọlé dé òpin. Òun ló ń darí iná kékeré. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, iná ò ní kéré mọ́.

Bí iná bá di búlúù ṣùgbọ́n tó ń fò kúrò lẹ́nu, tó ń hó fùù, ẹ yẹ rẹ́gúlétọ̀ wò, ó lè jẹ́ ti bọ́nà ńlá àwọn alásè ni wọ́n tà fún yín.

Ìyá_Ìbejì_Ẹlẹ́rọ:

Ọ́fìnnì: ẹ tẹ nọ́ọ̀bù mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15 lẹ́yìn tó bá tàn. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, thermocouple. Bó bá gbóná, á mú iná mànàmáná díẹ̀ jáde tó ń di ọ̀nà gáàsì mú ní ṣíṣí. Orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú iná gan-an. Ẹ fi pépà oníyanrìn tó kúnná fọ èéfín ara rẹ̀. Bó bá ṣì kú lẹ́yìn tí ẹ pààrọ̀ nọ́sù, ẹ ra òmíràn. Àwọn kan máa ń so ó pa kí gáàsì máa lọ tààrà: ẹ má gbà, torí bí atẹ́gùn bá pa iná, gáàsì á máa tú sínú ọ́fìnnì.

Lẹ́yìn gbogbo ìtúnṣe, kí ẹ tó dáná: ẹ po ọṣẹ olómi mọ́ omi, ẹ ti gbogbo nọ́ọ̀bù pa, ẹ ṣí sílíńdà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kun ẹnu rẹ́gúlétọ̀, àwọn kílíìpù, ẹ̀yìn kúkà àti abẹ́ ọwọ́ sílíńdà. Ẹ dúró ti ibì kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú kan. Ibi tó bá ń hó, ibẹ̀ ló ń jò. Ẹni tó bá ní kí ẹ la ìṣáná wò ó, ẹ má dá a lóhùn.

Oní_Sípánà:

Mo fẹ́ fi kan kún ti Ìyá Ìbejì. Bó bá jẹ́ abẹ́ ọwọ́ sílíńdà, tàbí ibi tí fáàfù ti wọ ara sílíńdà ló ń hó, ẹ má fi sípánà kàn án. Ẹ tì í pa, ẹ gbé e lóòró lọ síta gbangba, jìnnà sí gọ́tà, kànga àti jẹnẹrétọ̀, kí ẹ dá a padà síbi tí wọ́n ti rọ gáàsì. Bí òórùn bá ti kún inú ilé, ẹ má tan iná mànàmáná, ẹ má pa á, ẹ má fọwọ́ kan fáànù. Ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kí gbogbo ènìyàn jáde, ìta ni kí ẹ ti pe 112. Ní Èkó, 767 náà ń ṣiṣẹ́.