Másítà ọlọ́dún kan ní UK àbí ọlọ́dún méjì ní Jámánì? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn
Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará. Bàókẹ́mísìrì ni mo kà, ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní láàbù. Mo ti rí àdímíṣọ̀n gbà ní UK fún másítà ọlọ́dún kan, wọ́n ní kí n san dìpọ́sítì kí oṣù yìí tó parí. Ẹ̀gbọ́n mi wá ní kí n dáwọ́ dúró, pé ọ̀fẹ́ ni ti Jámánì. Àwọn ìbejì mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Ilẹ̀ kan ṣoṣo tá a ní ni bàbá wọn fẹ́ tà fún owó yìí. Mi ò fẹ́ ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Leipzig
Ẹ kú ìrònú, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ta ilẹ̀. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba ní Jámánì níbí kì í gba owó iléèwé, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn. Ní ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg, yúrò 1,500 ni ẹni tí kì í ṣe ọmọ Yúróòpù ń san ní sẹ̀mẹ́sítà kan. Kẹ́ ẹ tó rí físà, ẹ máa kó yúrò 11,904 sínú àkáǹtì tí ẹ ò ní lè fọwọ́ kàn bó ṣe wù yín. Owó yín náà ni, 992 ni á máa jáde lóṣooṣù.

Ṣùgbọ́n owó kọ́ ló fìyà jẹ mí. Nígbà tí mo ń wá kọ́ọ̀sì lórí ìkànnì DAAD, ìyẹn àjọ Jámánì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè, mo ṣáà ti rí i pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni, ni mo bá mú un. Wọn ò parọ́, Gẹ̀ẹ́sì náà ni. Ó di sẹ̀mẹ́sítà kẹta, tí oníkálukú máa wá láàbù tó ti máa kọ́ṣẹ́. Obìnrin tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò gbé ìgò kẹ́míkà kan síwájú mi, ó ní kí n ka ìkìlọ̀ ara rẹ̀ fún òun. Èdè Jámánì ni láti òkè délẹ̀. Mo mọ kẹ́míkà yẹn bí ẹní mowó, àmọ́ ẹnu mi wọhò. Ibi mẹ́rin ni wọ́n ti dá mi padà. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi kọ́ èdè kí ọ̀kan tó gbà mí.

Ẹ ṣí ìwé àlàyé kọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú, ẹ wo sẹ̀mẹ́sítà kẹta dáadáa. Ta ló máa wá ibi ìkọ́ṣẹ́ fún yín? Èdè wo ni wọ́n ń sọ níbẹ̀? Ẹ kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ olùdarí kọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe lọ́wọ́ àgéǹtì.

Ìyá Tọ́ba, Leeds
Àwọn ìbejì ńkọ́? Láti Oṣù Kìíní 2024, ẹni tó bá wá ṣe másítà tí wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì ní UK níbí ò lè mú ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́, àfi tó bá jẹ́ ti ìwádìí, tàbí tí ìjọba bá ń sanwó rẹ̀. Owó ìlera pọ́ùn 776 lọ́dún tún wà lọ́tọ̀. Ẹ ti sọ fún wọn pé ẹ̀ ń lọ?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Leipzig
Níbí, òfin fàyè gba ọkọ àti ọmọ, mà, àmọ́ wọ́n á wò ó bóyá owó àti yàrá tó gbogbo yín.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn
Ẹ ṣeun gan-an. Àgéǹtì mi ò dárúkọ ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn rí, èmi náà ò sì béèrè. Kẹ́hìndé kì í sùn tí kò bá di etí mi mú. Mo ti ní kí bàbá wọn bẹ ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ pé kó fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Lálẹ́ yìí ni màá kọ lẹ́tà sí olùdarí kọ́ọ̀sì méjì ní Jámánì.