Awọnṣúgà tàbí aṣọ́ṣúgà?

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú làákàyè. Ẹ dábàá pé ká máa pe ẹ̀rọ kékeré rìbìtì tí àwa tó ní ìtọ̀ ṣúgà ń lẹ̀ mọ́ apá, kó lè máa sọ iye ṣúgà ara wa fún wa, ní "awọnṣúgà-ẹ̀jẹ̀". Ẹ má bínú, n ò lè gbà á. Èmi ni mo ń gbé e kiri, orúkọ yẹn kò bá a mu.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rọ tí à ń gún ìka fún, tí à ń kán ẹ̀jẹ̀ sí bébà tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀, ìyẹn ló ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Èyí tó wà lápá mi kò dé inú iṣan rárá. Okùn kan tó tín-ín-rín bí irun ló wọ abẹ́ awọ, omi tó wà láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì ara ló ń tọ́ wò. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ṣúgà máa ń gbà kó tó débẹ̀, nítorí náà ẹ̀rọ yìí lè fi bí ìṣẹ́jú 5 sí 10 gbẹ́yìn. Ṣúgà mi á já wálẹ̀, mo á mu ohun dídùn, ara mi á ti balẹ̀, fóònù tí ẹ̀rọ náà ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí á ṣì máa sọ pé ewu ń bẹ. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi máa ń sọ pé bí nọ́ńbà kò bá bá bó ṣe ń ṣe wá mu, ká gún ìka. Bí orúkọ bá ti ní ẹ̀jẹ̀ ni, ta ló máa rántí?

"Awọn" ńkọ́? Awọnlẹ̀ ló mú wá sí mi lọ́kàn. Awọnlẹ̀ á ta okùn, á ri òpó, á gbowó, ó di ilé. Ẹ̀rọ ìka nìyẹn. Ti apá kì í relé: tọ̀sán-tòru ló wà lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ 14 gbáko kí n tó pààrọ̀ rẹ̀. Lóru ọjọ́ kan tí ìyá mi sùn lọ́dọ̀ mi, ṣúgà mi wálẹ̀ kọjá 70 mg/dL, ìyẹn ni pé ó ti kéré jù, fóònù figbe ta. Màmá ta jí: "Dìde o, ọdẹ rẹ ń fọn fèrè!" Bí mo ṣe ń mu omi ọsàn ni mo ń rẹ́rìn-ín.

Ibẹ̀ ni mo ti rí "aṣọ́ṣúgà". Ọmọ ìyá aṣọ́bodè àti aṣọ́gbó ni. Ẹ lè ní ènìyàn nìwọ̀nyẹn, pé ẹ̀rọ kọ́. Ṣé ènìyàn wá ni amúlétutù?

Ẹ tún kọ "àìsàn bárakú" fún irú àìsàn wa yìí. Ẹni tó bá tú u sí "bá ara kú" kò kúkú jẹ̀bi, àmọ́ létí ọ̀pọ̀ èèyàn, sìgá àti tẹ́tẹ́ ló ń di bárakú. Bí ẹni pé èmi ni mo lọ fà á. "Ọlọ́jọ́ pípẹ́" tẹ́ mi lọ́rùn.

Ní ti ẹ̀rọ tó ń fún insulin, oògùn tó ń mú ṣúgà wálẹ̀, sára, tí òun àti aṣọ́ṣúgà jọ ń sọ̀rọ̀, pọ́ǹpù ni mò ń pè é. N ò tíì rí ohun tó burú níbẹ̀.