Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: Bàbá mi fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí erin

Ókùn o, ẹ̀yin ará. Ìsánlú ni mo wà. Ọdẹ ni bàbá mi, ẹni ọdún 74. Ó lè ki erin láti àárọ̀ di ọ̀sán, ṣùgbọ́n kò fojú kàn án rí. Bàbá tirẹ̀ ló bá a pàdé nínú igbó, ìtàn rẹ̀ lòun gbọ́. Mo ti ṣèlérí fún un pé kí ẹsẹ̀ tó kọ̀ fún un, á rí i.

Àbúrò mi ló ṣètò ìrìn náà fún oṣù Kejì: ọgbà ẹranko Yankari ní Bauchi, ká yà sí ọgbà ẹranko Kainji, ká sọ̀kalẹ̀ sí ọgbà ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé, ká padà wálé. Ọjọ́ méje péré, òun nìkan ni yóò sì wakọ̀. Nígbà tí mo fi ìka tọ ọ̀nà náà lórí máàpù, àyà mi já. Àbújá lásán tí a gbé Bàbá lọ fún ìgbéyàwó, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú débi pé kò lè wọ bàtà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Èyí tó ń dùn mí jù ni pé kò ní sọ láéláé pé ó rẹ òun. Á máa rẹ́rìn-ín, á ní ká máa lọ. Ẹ̀yin tó ti rin irú ọ̀nà yìí, kí ni kí n gé kúrò?

Awakọ̀ láti Kàbà: Àǹtí, ẹ má gbà. Láti Ìsánlú dé Lọ́kọ́ja nìkan, kòtò àti tírélà tó ń kó sìmẹ́ǹtì láti Ọbàjànà á ti jẹ́ kí ẹ̀yìn Bàbá máa ro. Ẹ ò tíì dé Àbújá, ẹ ò tíì kọjá Keffi àti Akwanga, ẹ ò tíì gun òkè Jos. Bí ẹ bá sì dé Bauchi, ó ṣì ku 100 kìlómítà ó lé kí ẹ tó wọ ọgbà. Awakọ̀ kan kò gbọdọ̀ dá a wà. Ẹ sùn ní Àbújá, ẹ sùn ní Jos. Bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, ẹ wá ibi tí ẹ máa sùn. Ẹ má rìn lóru.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀: Ẹ fi Kainji sílẹ̀ pátápátá. Ó dùn mí láti sọ ọ́, ilẹ̀ ńlá ni, ó lé ní 5,300 kìlómítà onígun mẹ́rin, ṣùgbọ́n àwọn oníbọn ti sọ igbó náà di ibùba.

Nọ́ọ̀sì, Lọ́kọ́ja: Kí Bàbá má jókòó ju wákàtí méjì lọ láìsọ̀kalẹ̀ rìn. Jíjókòó pẹ́ sójú kan lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀, ó sì lè gba ibẹ̀ lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú ju èkejì lọ tó sì ń ro ó, tàbí tí kò lè mí dáadáa, ilé ìwòsàn ni o. Àwọn àgbà wa kì í fẹ́ mu omi lọ́nà kí wọ́n má baà tọ̀, wọ́n tún máa ń fo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nítorí ọ̀rọ̀ ìtọ̀ yìí kan náà. Ẹ bi dókítà rẹ̀ léèrè aago tí yóò máa lò ó. Kó má dá a dúró fúnra rẹ̀.

Ọmọ Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀, Bauchi: Oṣù Kejì dára. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, omi ti gbẹ nínú igbó, etí odò Gaji ni erin ń wá. Yankari ló ní agbo erin tó pọ̀ jù ní Nàìjíríà, nítorí náà bó bá jẹ́ erin ni Bàbá ń wá, ibẹ̀ nìkan tó. Àmọ́ òru mẹ́ta ni kí ẹ sùn níbẹ̀. Nígbà tí mo kó àwọn àna mi lọ, lọ́jọ́ kìíní, ẹtu àti ọ̀bọ nìkan la rí. Ọjọ́ kejì ni agbo erin sọdá níwájú wa. Ìyá ìyàwó mi dì mí lápá mú, kò lè sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sáré wọlé sáré jáde lè má rí i.

Omi ìsun Wikki wà níbẹ̀, ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ tọ̀sán-tòru; ẹ jẹ́ kí Bàbá ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹ máa ti ilẹ̀kùn yàrá, ọ̀bọ ńlá ibẹ̀ máa ń wá kó oúnjẹ. Kí Bàbá má sì wọ aṣọ ọdẹ aláró: àwọ̀ aró àti dúdú ló ń fa ìrù, eṣinṣin tó ń gúnni bí abẹ́rẹ́.

Ìyá Ìbejì, Mọ̀pà: Ọ̀yọ́-Ilé ò lọ ibì kankan, ẹ lè gba Ìlọrin lọ lọ́dún mìíràn. Ẹ rọra bá àbúrò yín sọ ọ́ o, ìfẹ́ Bàbá ló mú un ṣètò yẹn.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an. Yankari nìkan la máa lọ, ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ̀gbọ́n ìyàwó àbúrò mi ni yóò bá a pín ọkọ̀ wà. Bàbá gbọ́ lálẹ́ àná. Ọ̀rọ̀ aṣọ nìkan ló kọ́kọ́ bà á lọ́kàn jẹ́. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá wọ́n á jẹ́ kí òun ki erin náà.

Ọmọ Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀, Bauchi: Wọ́n á ní kí gbogbo yín dákẹ́ nínú ọkọ̀. Ẹ sọ fún Bàbá pé kó kì í kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.