Kòyótè ni kí a pè é

Ẹ kú iṣẹ́ èdè o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tó ń túmọ̀ ìwé àwọn ọmọdé béèrè ohun tí a ó máa pe coyote, ẹranko Amẹ́ríkà nì. Ẹnìkan ní ìkookò, ẹlòmíràn ní ajáko.

Ẹ jọ̀ọ́, ká fi ìkookò sílẹ̀. Nínú Bíbélì, òun (wolf) ló ń pa àgùntàn jẹ. Lẹ́nu ọdẹ, òun ni hyena, ẹran tí ìdí rẹ̀ rẹlẹ̀ ju èjìká lọ, tó ń fọ́ egungun jẹ. Ẹran méjì ti ń du orúkọ kan, ká má fi ẹ̀kẹta kún un.

Ajáko ló fẹ́ẹ̀ mú mi. Texas ni mò ń gbé, mo sì ń gbọ́ wọn lóru. Wọ́n á kọ́kọ́ gbó bí ajá, igbe náà á wá fà lọ sókè, méjì péré á máa dún bí ogún. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀kan sáré kọjá lẹ́yìnkùlé wa: etí ṣóńṣó, irun aláwọ̀ eérú, ìrù wálẹ̀ gbọọrọ. Ìyá mi yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ní, "Ajáko rèé!" Thomas Say náà, onímọ̀ nípa ẹranko ará Amẹ́ríkà tó fún un lórúkọ sáyẹ́ǹsì ní 1823, Canis latrans ló pè é: ajá tó ń gbó.

Ṣùgbọ́n ajáko ti ní ẹran tirẹ̀ nílẹ̀ wa. Àwọn òyìnbó tó tẹ̀dó sí Amẹ́ríkà ṣe irú èyí rí: wọ́n pe coyote ní ìkookò inú pápá, kí wọ́n tó wá gba orúkọ tí àwọn onílé ń pè é. Coyōtl ni ní èdè Nahuatl ti Mẹ́síkò. Ẹnu àwọn ará Sípéènì ló ti di coyote. Ọba ìlú Texcoco kan wà ní Mẹ́síkò láyé àtijọ́, Nezahualcoyotl, "coyote tó ń gbààwẹ̀". Ṣé ajáko la ó sọ ọba yẹn dà?

Nítorí náà, kòyótè, pẹ̀lú ohùn òkè láàárín bí àwọn ará Mẹ́síkò ṣe ń pè é. Nínú ìwé ọmọdé, ẹ kọ "kòyótè, ẹran tó jọ ajáko" lẹ́ẹ̀kan, kòyótè lásán ló kù.

Ti inú ìròyìn yàtọ̀. Àwọn tó ń gbowó mú èèyàn gba ẹnubodè Mẹ́síkò wọ Amẹ́ríkà, tí wọ́n tún ń pè ní coyote, kì í ṣe ẹranko. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé "ìkookò kó wọn kọjá odò", ó sì dùn mí. Onífàyàwọ́ èèyàn ni wọ́n. Ẹni tó bá ti gba Ìdíìrókò kọjá rí kò ní bi yín pé kí ni fàyàwọ́.