Ṣé àmì ẹ̀bùn káàdì àwìn lè gbé èèyàn wálé?

Ìbéèrè, láti Ìkòròdú:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Houston fẹ́ wá síbi ìgbéyàwó ọmọ wa, wọ́n sì ní àmì ẹ̀bùn tí káàdì àwìn (credit card) àwọn ti kó jọ, èyí tí báńkì ń fún ẹni tó bá fi káàdì náà rajà, ni àwọn yóò fi gba tíkẹ́ẹ̀tì, láìná kọ́bọ̀. Ṣé ó rí bẹ́ẹ̀, àbí gbèsè ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀?

Èsì, láti Ẹ̀pẹ́:
Ó ṣeé ṣe, àmọ́ owó orí àti owó pápákọ̀ òfuurufú ṣì máa ń wà lórí irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀.

Èsì, láti Àgbádárìgì:
Ẹ bi ẹ̀gbọ́n bóyá wọ́n ń san gbogbo gbèsè káàdì náà tán lóṣooṣù. Ká ní káàdì ń dá ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún padà, ẹni tó bá ra ọjà dọ́là 1,000 yóò rí ẹ̀bùn dọ́là 20. Ṣùgbọ́n bí èlé bá jẹ́ ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, tí kò sì san gbèsè náà, nǹkan bí dọ́là 20 ni èlé oṣù kan ṣoṣo. Iye kékeré tí báńkì ní kí èèyàn máa san lóṣooṣù, àǹfààní báńkì ló wà fún, torí èlé yóò máa gorí gbèsè tó kù. Kí wọ́n má sì fi káàdì náà gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ ATM, torí ọjọ́ náà gan-an ni èlé rẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Èsì, láti Ìkòròdú:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti pè wọ́n. Wọ́n ń san án tán, oúnjẹ àti epo ọkọ̀ nìkan ni wọ́n sì ń fi rà.